Títọ Ojú Sísán San Andreas Pẹ̀lú Àwọn Òpópónà Àtijọ́ Kalifọ́níà: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ìbéèrè kan náà ni àwọn ènìyàn ń bi wá lemọ́lemọ́, nítorí náà la ṣe kó wọn jọ síbí. Àwọn tó rọrùn ló wà lókè, àwọn tó ta kókó wà nísàlẹ̀.

Kí ni ojú sísán ilẹ̀? Ṣé ọ̀gbun ńlá la ó bá níbẹ̀?

Ọ̀gbun kankan ò sí níbẹ̀. Ojú sísán ni ibi tí pẹpẹ ilẹ̀ méjì ti fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn, tí ọ̀kan ń ha ara mọ́ èkejì kọjá. Ní Kalifọ́níà, pẹpẹ Pàsífíìkì wà lápá òkun, pẹpẹ Àríwá Amẹ́ríkà wà lápá ilẹ̀, ti apá òkun sì ń lọ sí àríwá ìwọ̀-oòrùn. San Andreas ni olórí gbogbo ojú sísán tó wà láàárín wọn. Ó gùn tó kìlómítà 1,300, láti etí Salton Sea ní gúúsù títí dé Cape Mendocino ní àríwá.

Ohun tí ẹ ó rí ni àfonífojì tóóró tó tọ́ bí okùn tí wọ́n fà le, àwọn adágún kéékèèké tó tò tẹ̀lé ara wọn, odò tó ṣàdédé yà, àti ògiri tó wọ́. Ẹni tó bá ń retí kòtò tó lanu sílẹ̀ lè wakọ̀ kọjá lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá láìmọ̀.

Kí ló pa òpópónà àtijọ́ pọ̀ mọ́ ojú sísán?

Ojú sísán ló la ọ̀nà náà fún wọn. Bí pẹpẹ méjì ṣe ń ha ara wọn láti ayébáyé, wọ́n ti lọ àpáta tó wà láàárín wọn kúnná, òjò àti àgbàrá sì máa ń gbé àpáta kíkúnná lọ kíákíá ju àpáta líle lọ. Ibẹ̀ ló di àfonífojì, ibẹ̀ ló di àlàfo láàárín òkè méjì. Àpáta tó ti kúnná bí amọ̀ yìí tún máa ń dí omi abẹ́ ilẹ̀ lọ́nà, omi náà á wá rú jáde sókè. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, ẹni tó ń da ẹran, ẹni tó ń la ojú irin, nǹkan méjì ni gbogbo wọn ń wá: ibi tí òkè ti rẹlẹ̀ àti ibi tí omi wà. Wọ́n bá méjèèjì lójú kan.

Ìdí nìyẹn tí òpópónà àtijọ́ Route 66 fi gba Cajon Pass (àlàfo láàárín òkè), tí òpópónà àtijọ́ Ridge Route àti márosẹ̀ I-5 fi gba Tejon Pass, tí márosẹ̀ I-280 sì fi tọ àfonífojì Crystal Springs ní gúúsù San Francisco. Ẹni tó bá mú máàpù òpópónà ọdún 1930 dání ti mú ìdajì máàpù ojú sísán dání.

Ọjọ́ mélòó ló máa gbà wá?

Ọjọ́ méje, bí ẹ bá fẹ́ tọ̀ ọ́ láti gúúsù dé àríwá láìkánjú. Bí a ṣe máa ń tò ó rèé. Ọjọ́ kìíní: Mecca, Box Canyon Road àti igbó ọ̀pẹ Thousand Palms. Ọjọ́ kejì: San Bernardino, Cajon Pass, Wrightwood, Palmdale. Ọjọ́ kẹta: òpópónà 138 lọ sí Quail Lake, Gorman àti Fort Tejon, lẹ́yìn náà ẹ gba Frazier Park bọ́ sí Mil Potrero Highway àti Cerro Noroeste Road, kí ẹ já sí Maricopa. Ọjọ́ kẹrin: pẹ̀tẹ́lẹ̀ Carrizo Plain látàárọ̀ dalẹ́, kí ẹ sùn ní Paso Robles. Ọjọ́ karùn-ún: Cholame, Parkfield, òpópónà 198, lẹ́yìn náà 25 títí dé Hollister. Ọjọ́ kẹfà: Hollister àti San Juan Bautista. Ọjọ́ keje: I-280, San Francisco, Point Reyes.

Bó bá jẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo lẹ ní, àwọn tó wà ní Los Angeles lè ṣe Cajon Pass àti Palmdale kí wọ́n padà sílé lálẹ́. Àwọn tó wà ní San Francisco lè ṣe Hollister àti San Juan Bautista. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ènìyàn ka máìlì láìka ìdúró. Ibi tó yẹ kí ẹ ti sọ̀ kalẹ̀ lóòjọ́ lè tó mẹ́jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan á sì gbà tó wákàtí kan.

Ìgbà wo nínú ọdún ló dára jù?

Oṣù kẹta sí ìkẹrin, tàbí oṣù kẹwàá sí ìkọkànlá. Lẹ́ẹ̀rùn wọn, ooru etí Salton Sea máa ń kọjá ìwọ̀n 40, kò sì yẹ fún ẹni tó fẹ́ rìn nínú àfonífojì. Nígbà òtútù, yìnyín máa ń ti òpópónà 2 tó gba orí òkè lọ sí Wrightwood, òjò á sì sọ àwọn ọ̀nà Carrizo di ẹrẹ̀.

Wákàtí tí ẹ máa débẹ̀ ṣe pàtàkì ju oṣù lọ. Oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ máa ń ti ẹ̀gbẹ́ wá, òjìji á bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn gbogbo gegele, ẹ ó sì rí ojú sísán bí ìlà tí wọ́n fi ọ̀bẹ fà. Lọ́sàn-án gangan, ilẹ̀ kan náà á tẹ́ pẹrẹsẹ lójú yín. Ẹ ṣètò rẹ̀ kí ẹ lè wà ní Wallace Creek, odò gbígbẹ tó yà lórí ojú sísán ní Carrizo, láàárín wákàtí méjì àkọ́kọ́ tí oòrùn là.

Ṣé ọkọ̀ kékeré tí a háyà lè ṣe é?

Ó lè ṣe é níbi tó pọ̀ jù, nítorí títì ọlọ́dà ni ẹ ó máa gbà. Ibi tó ti máa ń dìjà ni Carrizo Plain. Soda Lake Road ní apá tí kò lọ́dà, Elkhorn Road kò lọ́dà rárá. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, ọkọ̀ kékeré á kọjá ní jẹ́jẹ́. Bí òjò bá ti rọ̀, amọ̀ ibẹ̀ á lẹ̀ mọ́ táyà títí táyà ò fi ní ríbi dì mú mọ́, ọkọ̀ onítáyà-mẹ́rin-tó-ń-fà pàápàá á rì. Ẹ dúró kí oòrùn pa á fún ọjọ́ méjì ó kéré tán.

Ẹ ka ìwé àdéhùn ọkọ̀ háyà yín kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ò gbà kí wọ́n gbé ọkọ̀ wọn wọ ọ̀nà tí kò lọ́dà, ìnṣọ́ránsì kì í sì sanwó bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ síbẹ̀. Ní ti ìwé ìwakọ̀, àlejò tó ti pé ọdún 18 lè fi ìwé ìwakọ̀ ìlú rẹ̀ wakọ̀ ní Kalifọ́níà, bí ọjọ́ ò bá tíì kọjá lórí rẹ̀.

Kí la ó kó sínú ọkọ̀?

Omi lítà mẹ́rin fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lóòjọ́, àti ti ọjọ́ kan lé lórí. Táyà ẹ̀sítírà tó gbọ́ afẹ́fẹ́: ẹ fúnra yín ni kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun ò ní in mọ́, páńpù àti gọ́ọ̀mù nìkan ni wọ́n fi sí i. Máàpù orí ìwé, kọ́ńpáàsì, téèpù oní-mítà-mẹ́wàá, bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀ nítorí ejò tí ń mi ìrù bíi ṣẹ́kẹ́rẹ́. Ejò náà pọ̀ ní Carrizo àti ní Mecca, abẹ́ òkúta tútù ló sì máa ń sá sí lọ́sàn-án.

Ẹ kún táńkì yín ní Taft tàbí Maricopa kí ẹ tó wọ Carrizo, nítorí kò sí epo, kò sí omi, kò sí ilé ìtajà kankan níbẹ̀. Parkfield náà ò ní epo. Ní òpópónà 25, ẹ má ṣe gbé táńkì tí kò tó ìdajì wọ̀ ọ́.

Fóònù máa ń kú ní Carrizo, ní Parkfield àti ní òpópónà 25. Ẹ ti máàpù sínú fóònù kí ẹ tó kúrò ní òtẹ́ẹ̀lì. USGS, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí nípa ilẹ̀, ní máàpù gbogbo ojú sísán tí ẹ lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́ kí ẹ sì ṣí i nínú Google Earth. Gbogbo ìrìn wa dá lórí máàpù yìí.

Wọ́n ní eruku ibẹ̀ ń dá àìsàn sílẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni. Olú kan tó kéré ju ohun tí ojú lè rí ń gbé nínú ilẹ̀ gbígbẹ àfonífojì San Joaquin àti agbègbè Carrizo. Bí ènìyàn bá fa eruku rẹ̀ símú, ó lè bẹ̀rẹ̀ ikọ́, ibà àti àárẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta lẹ́yìn náà. Ẹ ti fèrèsé ọkọ̀, ẹ má jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ìta wọlé níbi tí kò lọ́dà, ẹ má walẹ̀, kí ẹ sì jókòó sínú ọkọ̀ bí ìjì eruku bá dé. Bí ẹ bá ṣàìsàn lẹ́yìn ìrìn náà, ẹ sọ fún dókítà pé ẹ dé ibẹ̀. Dókítà tó jìnnà sí Kalifọ́níà lè má ronú kàn án.

Báwo la ó ṣe mọ̀ pé orí ojú sísán gan-an la dúró sí?

Òfin kan ló wà tí ẹ lè fi yẹ gbogbo nǹkan wò: ẹ dúró ní ìhà kan, ẹ kọjú sí ìhà kejì. Lórí San Andreas, ohun tó wà ní ìhà kejì máa ń ti ṣí lọ sí ọwọ́ ọ̀tún yín. Bí ẹ bá kọjá lọ sí ìhà kejì tí ẹ sì yíjú padà, ọwọ́ ọ̀tún náà ni. Odò, ọgbà, ògiri, etí títì, gbogbo wọn ló ń tẹ̀lé òfin yìí.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá àmì mẹ́ta lójú kan. Èkíní ni adágún tí kò ní odò tó ń wọ inú rẹ̀. Ilẹ̀ tó rì láàárín ẹ̀ka méjì ojú sísán ló gba omi dúró. Lost Lake ní Cajon Pass jẹ́ irú rẹ̀, Quail Lake náà jẹ́ irú rẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ di adágún ìpọnmi ńlá. Èkejì ni òkè kékeré tó wá dí ẹnu àfonífojì bí ìlẹ̀kùn tí wọ́n fà dé. Ẹ̀kẹta ni igi tútù tó tò lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ní Thousand Palms, ọ̀pẹ ń wu sókè láàárín aṣálẹ̀ nítorí amọ̀ ojú sísán ti dí omi abẹ́ ilẹ̀. Àmì kan ṣoṣo lè tanni jẹ. Bí mẹ́ta bá tò sórí ìlà kan, ibẹ̀ ni.

Ibo la ti lè rí i láìrìn jìnnà?

Point Reyes ló rọrùn jù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbàlejò Bear Valley, ọ̀nà ẹsẹ̀ kan wà tó tó kìlómítà kan, tó yí po, tí kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara lè gbà. Níbẹ̀ ni ọgbà onígi kan ti já sí méjì: ìmìtìtì ilẹ̀ ọjọ́ 18 oṣù kẹrin ọdún 1906 ló fa ìdajì rẹ̀ lọ tó mítà márùn-ún sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti tún igi ọgbà náà ṣe, ṣùgbọ́n ojú ibi tó já sí ni wọ́n fi í sí. Ẹ dúró sí orí ìdajì kan, ẹ wá ìdajì kejì. Ọwọ́ ọ̀tún ni ẹ ó ti rí i.

Ní Palmdale, níbi tí òpópónà 14 ti la òkè kọjá ní àríwá Avenue S, ìpele ilẹ̀ ká mọ́ra bí aṣọ tí wọ́n rún. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ya fọ́tò rẹ̀ pé ojú sísán nìyẹn. Kì í ṣe òun. Ojú sísán gan-an wà ní gúúsù ibẹ̀, fífún tó fún ilẹ̀ ìtòsí pa ló ká àwọn ìpele náà. Ẹ má ṣe dúró létí márosẹ̀ láti wò ó, ó lòdì sófin, ọkọ̀ ńlá sì ń sáré níbẹ̀. Ẹ jáde ní Avenue S, ẹ gbé ọkọ̀ síbi tó yẹ, kí ẹ wò ó láti ọ̀kánkán.

Route 66 àti ojú sísán pàdé ní Cajon Pass. Níbo gan-an?

Ẹ kúrò lórí I-15 ní Kenwood, kí ẹ bọ́ sí Cajon Boulevard. Route 66 gan-an nìyẹn, títì tí wọ́n fún ní nọ́ńbà ní 1926 tí wọ́n sì gba nọ́ńbà náà kúrò lórí rẹ̀ ní 1985. Ìhà kan rẹ̀ nìkan ni ọkọ̀ ń gbà báyìí. Ìhà kejì ti di ti koríko. Ní Blue Cut, níbi tí àpáta ti dúdú mọ́ búlúù, òpópónà àtijọ́, ojú irin, márosẹ̀ àti odò há sínú àfonífojì kan ṣoṣo, ojú sísán sì gba àárín wọn kọjá.

Bí ẹ bá ti dúró síbẹ̀, ẹ wo ìlà àfonífojì tó ń lọ sí àríwá ìwọ̀-oòrùn. Òun ló gba Lone Pine Canyon lọ sí Wrightwood. Ọkọ̀ ojú irin máa ń kọjá nígbà gbogbo, nítorí náà ẹ má ṣe sún mọ́ irin rẹ̀, ilẹ̀ ilé iṣẹ́ ojú irin ni.

Ṣé a ṣì lè wakọ̀ lórí Ridge Route àtijọ́?

Ẹ lè dé ìdí rẹ̀ ní ìhà méjèèjì, ṣùgbọ́n apá tó gba inú igbó ìjọba kọjá ni òjò ọdún 2005 bà jẹ́, láti ìgbà náà ni géètì ti dí ọ̀nà fún ọkọ̀. Ẹsẹ̀ tàbí kẹ̀kẹ́ ni kí ẹ fi wọ̀ ọ́, lẹ́yìn tí ẹ bá ti bi àwọn òṣìṣẹ́ igbó bóyá iná tàbí òjò ti ṣe nǹkan sí i.

Ó yẹ fún wàhálà yẹn. Wọ́n ṣí i ní 1915 láti so Los Angeles mọ́ àfonífojì San Joaquin, ẹ̀gbẹ́ òkè ló sì tẹ̀ lé, nítorí wọn ò ní owó láti gé òkè. Kọ́nà 697 ni wọ́n kà lórí rẹ̀, máìlì 15 láàárín wákàtí kan sì ni òfin gbà fún ọkọ̀. Ní 1933 wọ́n ṣí èyí tó rọ́pò rẹ̀, tí apá kan rẹ̀ wà nísàlẹ̀ omi Pyramid Lake lónìí. Ẹ wo kọnkéré tó kù: ibi tí wọ́n ti so pẹpẹ kọnkéré kan mọ́ èkejì ṣì hàn, etí tí wọ́n fà sókè kí àgbàrá má ba ọ̀nà jẹ́ náà ṣì wà níbòmíràn. Ìpẹ̀kun rẹ̀ ní àríwá já sí òpópónà 138 nítòsí Quail Lake, orí ojú sísán.

Báwo la ṣe ń dá òpópónà àtijọ́ mọ̀ láàárín títì òde òní?

Ẹ kọ́kọ́ wo orúkọ. Bí ẹ bá rí "Old" níwájú orúkọ títì tó tọ ẹ̀gbẹ́ márosẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ òun. Lẹ́yìn náà ẹ wo afárá: wọ́n máa ń tẹ ọdún tí wọ́n kọ́ ọ sára kọnkéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ń gbọ́wọ́ lé. Ẹ wo fífẹ̀ rẹ̀. Títì ìgbà náà ò fẹ̀ ju mítà mẹ́fà lọ. Òpó wáyà tó tò lọ nínú pápá níbi tí títì kankan ò sí máa ń fi ipa ọ̀nà tó ti kú hàn.

Ní 1964, Kalifọ́níà tún nọ́ńbà òpópónà rẹ̀ tò. Bí máàpù yín bá dàgbà ju ìyẹn lọ, nọ́ńbà rẹ̀ lè má bá ti ojú ọ̀nà mu: US 466 ti di 46 ní Cholame, US 99 ti di I-5 láti Los Angeles dé ẹsẹ̀ òkè Tejon.

Ohun tó ń dààmú àlejò jù ni òpó máìlì funfun. Ní Kalifọ́níà, òǹkà máìlì máa ń bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun ní ààlà káńtì (ó dà bí ìjọba ìbílẹ̀) kọ̀ọ̀kan, láti gúúsù sí àríwá tàbí láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn. Nítorí náà 12.0 lè wà lẹ́ẹ̀mẹta lórí òpópónà kan ṣoṣo. Ẹ ka lẹ́tà káńtì tó wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú: SLO (San Luis Obispo), KER (Kern), LA (Los Angeles).

Kí la ó wò ní Wallace Creek?

Ẹ wọlé láti òpópónà 58, ẹ yà sí Seven Mile Road, lẹ́yìn náà Elkhorn Road. Láti ibi ìgbọ́kọ̀sí, ẹ rìn gòkè díẹ̀. Odò gbígbẹ kan sọ̀ kalẹ̀ láti òkè Temblor wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Bó ṣe kan ojú sísán, ó yà sí ọ̀tún, ó tọ ìlà náà lọ tó 130 mítà, lẹ́yìn náà ló tó yà sí òsì kí ó máa bá tirẹ̀ lọ. Odò náà ò yà lójú ara rẹ̀. Tààrà ló ń ṣàn ní nǹkan bí ọdún 3,700 sẹ́yìn. Ilẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló ṣí lọ. Ẹ pín 130 mítà sí ọdún 3,700, ẹ ó rí i pé bíi mìlímítà 35 ló ń lọ lọ́dún.

Ẹ má dúró sórí kọ́nà yẹn nìkan. Ẹ rìn lọ sí àríwá ìwọ̀-oòrùn, ẹ ó bá ojú odò tó ti gbẹ tán, tí omi ti fi sílẹ̀ nígbà tó rí ọ̀nà tuntun. Ẹ tún padà sí gúúsù ìlà-oòrùn, ẹ wá àwọn ipa àgbàrá kéékèèké tó yà ní mítà díẹ̀ péré. Àwọn wọ̀nyẹn ni ìmìtìtì ọjọ́ 9 oṣù kìíní ọdún 1857 fi ọwọ́ kàn. Ẹ má tẹ etí wọn mọ́lẹ̀, ẹsẹ̀ àlejò ti ń jẹ wọ́n run.

Kí ló dé tí wọ́n ń pe ìmìtìtì 1857 ní ti Fort Tejon, tí a sì gbọ́ pé Parkfield ló ti bẹ̀rẹ̀?

Fort Tejon ni ọmọ ogun wà, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ ìròyìn rẹ̀ sílẹ̀. Ilẹ̀ ya láti agbègbè Parkfield títí dé itòsí Cajon Pass, bíi kìlómítà 350, ìwọ̀n rẹ̀ sì tó 7.9.

Parkfield jìnnà. Ṣé ó yẹ ká lọ?

Ó yẹ. Ìmìtìtì tí ìwọ̀n rẹ̀ tó bíi 6 ti ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ní 1857, 1881, 1901, 1922, 1934 àti 1966. Àwọn onímọ̀ wo àlàfo àárín wọn, wọ́n ní òmíràn á dé kí 1993 tó parí, wọ́n sì kó ẹ̀rọ yí ìlú ká. Kò dé títí di ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ọdún 2004. Kò sí ibòmíràn tí ẹ ti lè rí i kedere bẹ́ẹ̀ ìdí tí a kì í fi dá ọjọ́ fún ìmìtìtì ilẹ̀.

Afárá tó wà lẹ́nu ìlú kọjá lórí ojú sísán, pátákó tó wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan ń sọ pẹpẹ tí ẹ ń wọ̀. Ẹ dúró sí ìpẹ̀kun kan, kí ẹ fi ojú kan wo ìlà irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kò tọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ yan ọ̀nà àbájáde dáadáa: èyí tó lọ sí Coalinga ní apá tí kò lọ́dà tó sì dà gẹ̀rẹ́. Bí òjò bá ń rọ̀, ẹ gba Vineyard Canyon Road lọ sí San Miguel.

Kí ló dé tí títì Hollister fi wọ́, tí ìmìtìtì ò sì ṣẹlẹ̀?

Ilẹ̀ ibẹ̀ ń rá bí ìgbín. Níbòmíràn, pẹpẹ méjèèjì dì mọ́ra fún ọgọ́rùn-ún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n tó já lẹ́ẹ̀kan náà. Láàárín Parkfield àti San Juan Bautista, San Andreas kì í dì tó bẹ́ẹ̀, ó ń yọ́ lọ díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Èyí tó gba àárín ìlú Hollister kọjá kì í ṣe San Andreas, ẹ̀ka rẹ̀ tó ń jẹ́ Calaveras ni, òun náà sì ń rá.

Ẹ lọ sí itòsí Dunne Park, ní Sixth Street àti Locust Avenue. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ létí títì, kí ẹ gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ sún mọ́ kọnkéré, kí ẹ di ojú kan. Etí títì náà á lọ tààrà, á wá rọra tẹ̀ sí ọ̀tún, á sì tún tọ́ padà. Níbi tó ti tẹ̀, kọnkéré ti sán ní dídábùú, wọ́n ti fi ọ̀dà dí i, ọ̀dà náà sì tún ti ya. Wo ògiri ilé tó wà ní ọ̀kánkán: ó tẹ̀ lójú kan náà. Ènìyàn ló ń gbé inú àwọn ilé náà, nítorí náà ẹ dúró sójú títì, ẹ má ya fọ́tò fèrèsé wọn.

Ní gúúsù ìlú, ní Cienega Road, ilé iṣẹ́ wáìnì kan wà tí wọ́n kọ́ lé San Andreas gan-an. Ilé náà ń fà ya ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan lọ́dún. Ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó wọlé.

Kí ló wà ní San Juan Bautista?

Ọ̀kan lára àwọn ibi lórí ìrìn yìí tí ẹ ti lè fi ẹsẹ̀ kan tẹ òpópónà àtijọ́ kí ẹ fi èkejì tẹ ojú sísán. Ìjọ Kátólíìkì tí àwọn ará Sípéènì dá sílẹ̀ ní 1797 dúró létí gegele kan. Gegele náà ni ojú sísán. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, apá kan El Camino Real, ọ̀nà tó so ilé ìjọ 21 pọ̀ láti San Diego dé Sonoma, ṣì wà bó ṣe wà. Níbí ni yíya ilẹ̀ ọdún 1906 parí sí ní gúúsù, ó sì wó ògiri ìjọ náà. Agogo tí ẹ ó máa rí lórí òpó létí òpópónà 101 jẹ́ àmì El Camino Real; ọdún 1906 kan náà ni wọ́n gbé àkọ́kọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

Kí la ó ṣe bí ilẹ̀ bá mì nígbà tí a wà lórí ìrìn?

Ẹ rọra yà sí ẹ̀gbẹ́, kúrò lábẹ́ afárá, igi àti wáyà iná. Ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ jókòó sínú ọkọ̀ títí yóò fi dáwọ́ dúró. Ẹni tó bá wà lábẹ́ òkè, kó kíyè sí òkúta tó lè ya lulẹ̀.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni ewu ńlá wà. Ibi tí I-5 àti 14 ti pàdé wó ní 1971, wọ́n tún un kọ́, ó tún wó ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1994. Ọlọ́pàá kan tó gun alùpùpù lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ kùtù já bọ́ láti orí afárá tó ti gé nínú òkùnkùn, ó sì kú. Nítorí náà, lẹ́yìn ìmìtìtì líle, ẹ má gun afárá kankan tí ẹ ò bá rí òdìkejì rẹ̀. Ẹ fi áàpù MyShake sórí fóònù kí ẹ tó gbéra. Ó lè fún yín ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí ilẹ̀ tó mì dé ọ̀dọ̀ yín.

Máàpù ní ojú sísán wà níbi tí a dúró sí, ṣùgbọ́n a ò rí nǹkan kan. Kí ló fà á?

Ẹ wo irú ìlà tó wà lórí máàpù. Ìlà tó lọ gbọọrọ láìgé ni ibi tó dá àwọn onímọ̀ lójú. Ìlà tó ń gé ni ibi tí wọ́n fojú bù. Ìlà tí wọ́n fi àmì tó-tò-tó fà ni ibi tí iyanrìn tàbí ẹrẹ̀ ti bò ó mọ́lẹ̀, ẹ kò sì lè rí i níbẹ̀ bó ti wù kí ẹ wò ó tó. Ẹ tẹ̀ lé ìlà náà títí yóò fi di gbọọrọ. Ẹ tún rántí pé San Andreas kì í ṣe ìlà kan: níbi púpọ̀, ẹ̀ka rẹ̀ pín sí ọ̀nà tó fẹ̀ tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà, ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ló sì lè ya nígbà ìmìtìtì.

A wọn odò kan tó yà, ṣùgbọ́n ìwọ̀n wa ò bá ti ìwé mu. Ta ló jẹ̀bi?

Ó lè má jẹ́ ẹnikẹ́ni. Odò lè yà nítorí òkè kékeré dí i lọ́nà, tàbí nítorí ó bọ́ sínú ipa odò mìíràn tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí odò bá yà sí òsì lórí San Andreas, ẹ má ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ bí ìṣípòpadà. Ipa odò míràn ló gbà.

Àwọn àgbà náà ń bá a yí. Ní Carrizo, wọ́n gbà fún ọ̀pọ̀ ọdún pé ìmìtìtì 1857 fa ilẹ̀ tó mítà mẹ́sàn-án. Ní 2010, àwọn tó fi ìtànṣán lésà láti inú bàálù wọn ilẹ̀ náà lọ́tun rí i pé ó sún mọ́ mítà márùn-ún. Àwọn ipa tí wọ́n wọn tẹ́lẹ̀ ti kó ìmìtìtì tó ju ẹyọ kan lọ pọ̀. Nítorí náà ẹ wọn ipa àgbàrá tó kéré jù lọ lákọ̀ọ́kọ́, ẹ wọn mẹ́wàá ó kéré tán, ẹ wọn láti àárín ojú odò kì í ṣe láti etí rẹ̀, kí ẹ sì kọ ìwọ̀n tó kéré jù àti èyí tó tóbi jù fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ṣé a lè mú òkúta tàbí amọ̀ ojú sísán lọ sílé?

Rárá ní ọgbà ìjọba: Point Reyes, Pinnacles, Fort Tejon, gbogbo wọn ni òfin dè, a ò sì gbọ́dọ̀ fò dúróònù ní ọgbà ìjọba àpapọ̀. Ilẹ̀ púpọ̀ láàárín Cholame àti Hollister jẹ́ ti àwọn darandaran. Bí ẹ bá rí wáyà, ẹ dúró sí ìta rẹ̀. Bí ẹ bá ṣí géètì tí wọ́n gbà yín láyè láti gbà, ẹ tì í padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Màlúù ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní Pinnacles, ẹ fi fóònù ya àpáta náà láti sún mọ́ ọn, kí ẹ tọ́jú fọ́tò yẹn: irú rẹ̀ gan-an wà ní Neenach, nítòsí Lancaster, ní nǹkan bíi kìlómítà 300 sí gúúsù ìlà-oòrùn. Àpáta kan ni wọ́n nígbà tí òkè oníná bì wọ́n jáde ní nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún 23 sẹ́yìn, San Andreas ló gbé ìdajì lọ.